Ẹmu Kì í Dúró De Ọ̀la: Ìtàn Ibi Ìjókòó Ọtí ní Idigny

Ní Idigny, bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, tí àwọn tó lọ sí oko àgbàdo àti oko òwú ti ń padà bọ̀, ibì kan wà tí ẹsẹ̀ máa ń yà sí kí ó tó délé. Kò sí pátákó ńlá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Abẹ́ igi ni, tàbí àtíbàbà tí wọ́n fi páànù bò. Bẹ́ǹṣì méjì mẹ́ta wà níbẹ̀, àga kan wà tí gbogbo ènìyàn mọ ẹni tó ni ín, obìnrin kan sì wà tó ń ta ọtí, tó mọ gbèsè olúkúlùkù sórí láìkọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní ilé ẹmu, àwọn mìíràn ń pè é ní ilé ọtí, àwọn tó kàwé Faransé sì ń pè é ní buvette. Orúkọ yòówù kó máa jẹ́, ibẹ̀ ni iṣẹ́ òòjọ́ ti ń parí, tí ọ̀rọ̀ ìlú sì ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà ọdún ìbílẹ̀, ìtàn ọba, ìtàn ogun àti ìtàn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n sábà máa ń sọ. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ààfin àti ojúbọ nìkan kọ́ ló ń mú ìlú dúró. Ìjókòó ìrọ̀lẹ́ náà wà lára òpó rẹ̀. Ọtí tí wọ́n ń mu níbẹ̀ ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ayé àwọn baba ńlá, síbẹ̀ ìjókòó kò tú. Ọtí tuntun kan ti tún dé báyìí. Ohun tó yẹ kí ìlú rò ni bóyá ìjókòó náà yóò lè borí èyí bí ó ti borí àwọn tó ṣáájú.

Ẹmu àti ọtí ọkà

Idigny wà lórí ilẹ̀ Kétu, ní àríwá ìlú Kétu, lápá ibi tí ààlà Nàìjíríà wà. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú arrondissement mẹ́fà tó para pọ̀ di commune Kétu. Àwọn márùn-ún yòókù ni Kétu fúnra rẹ̀, Adakplamè, Kpankou, Odometa àti Okpometa. Ilẹ̀ òkè ni, omi sì ti ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ láti ayébáyé. Ọ̀pẹ kò pọ̀ níbẹ̀ bí ó ti pọ̀ ní ìhà gúúsù, ní Pobè àti Sakété. Nítorí náà, ọtí méjì ló ń bá ara wọn pàdé lórí ìjókòó: ẹmu ọ̀pẹ, àti ọtí tí wọ́n fi ọkà bàbà tàbí àgbàdo ṣe.

Obìnrin ló ni iṣẹ́ ọtí ọkà. Wọn a rẹ ọkà sínú omi títí yóò fi hù, wọn a sá a sóòrùn, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sè é, wọn a sì fi sílẹ̀ kí ó kan. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni, nítorí náà ọjọ́ ọjà ni wọ́n máa ń fojú sùn. Ọjà ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ilẹ̀ Yorùbá ló ń sọ ìgbà tí ìkòkò yóò kún.

Ẹmu ní tirẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọkùnrin. Adẹ́mu a fi igbà gun ọ̀pẹ, a dá a lára, a sì so akèrègbè mọ́ ọn. Bí ẹmu bá bọ́ láti orí ọ̀pẹ ní òwúrọ̀, ó ń dùn bí omi ìrèké. Kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, nítorí ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ àti ti inú akèrègbè ń sọ ṣúgà rẹ̀ di ọtí. Ní ọ̀sán, ó ti ń ta lẹ́nu. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ti lágbára. Ní ọjọ́ kejì, ó ti kan.

Inú èyí gan-an ni ìjókòó ti jáde. Ẹmu kì í dúró de ọ̀la, akèrègbè kan sì pọ̀ ju ikùn ẹnìkan lọ. Ẹni tó bá ní ẹmu gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò bá a mu ún kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹmu kò ṣeé kó pamọ́ sínú yàrá, kò sì ṣeé fi dọ́là. Ó ń fi ipá sọ aládùúgbò di ọ̀rẹ́.

Ìjókòó náà sì ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó gbé ẹmu wá ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ojú gbogbo ènìyàn lè rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Wọn a ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ. Lẹ́yìn náà ni àgbà yóò mu, kí ó tó kan àwọn yòókù. Ẹni tó kéré jù nínú wọn ni agbọ́tí. Òun ni yóò máa bu ọtí sínú ahá, tí yóò sì máa wo ojú àgbà kó lè mọ ìgbà tó yẹ kí ó dáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ló ti ipa bẹ́ẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú àgbà àti bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Àyè wà fún ẹni tí kì í mu pẹ̀lú. Ẹmu jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn olórìṣà Ọbàtálá, nítorí ìtàn Ifẹ̀ sọ pé ẹmu ló mú kí òrìṣà náà sùn lọ nígbà tí wọ́n rán an níṣẹ́ láti dá ilé ayé. Ògún ní tirẹ̀ fẹ́ràn ẹmu. Ìlú kan náà ni àwọn olùsìn méjèèjì ń gbé, wọ́n sì ń jókòó pọ̀. Nígbà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ti Kristi dé, àwọn onígbàgbọ́ tí kì í mutí rí àyè jókòó ní ọ̀nà kan náà. Lónìí, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló máa ń wà níwájú wọn.

Ogun, ìpadàbọ̀ àti ààlà

Ìtàn tó bí ìlú bí ó ti rí lónìí kò ṣeé fò dá. Ní 1883, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì jó Kétu. Wọ́n padà wá sàga tì í, ní 1886 ni ìlú náà sì ṣubú sọ́wọ́ Glèlè. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin ni àwọn tó kù nínú wọn rí ọ̀nà padà wálé. Ní 1894, Kétu tún ní ọba.

Ṣùgbọ́n ohun kan ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, ní Paris, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé tó pín ilẹ̀ náà sí méjì. Inú oko ẹrú ní Àgbómẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Kétu wà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n fi délé, Ìmẹ̀kọ ti wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Kétu àti Idigny ti wà lọ́wọ́ Faransé, ààlà sì gba Ìlárá kọjá débi pé apá kan rẹ̀ wà níhìn-ín, apá kan wà lọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Ìyà ìjọba amúnisìn tún mú kí ààlà náà di ọ̀nà àbáyọ. Owó orí, iṣẹ́ tipátipá àti kíkó ọ̀dọ́mọkùnrin sójú ogun láàárín 1914 sí 1918 lé ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ìhà Faransé lọ sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n a máa gbé ní Idigny, àbúrò a sì lọ tẹ̀dó sí ìhà kejì. Àwọn méjèèjì di ọmọ ìjọba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń ná owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn ọmọ wọn sì ń kọ́ èdè òyìnbó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọjọ́ ọjà nìkan ni wọ́n ń ríra, abẹ́ àtíbàbà ọtí sì ni wọ́n ń jókòó sí lẹ́yìn tí ọjà bá tú. Níbẹ̀ ni ìròyìn ikú, ìkómọ àti ìgbéyàwó ti ń rékọjá ààlà. Òpó ààlà pín ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò pín ahá.

Jìnì, ṣọ̀dàbí àti òfin

Kí ogun náà tó dé ni ọtí òyìnbó ti ń ti etíkun wọ inú ilẹ̀. Jìnì àti ṣìnáàbù láti Hamburg àti Rotterdam di ohun tí wọ́n ń gbé lọ síbi ìdána, ibi òkú àti ojúbọ. Àwọn òyìnbó tó kó o wá fúnra wọn tún ní àwọn yóò dí ọ̀nà rẹ̀. Ìpàdé Brussels ní 1890 kọ́kọ́ ṣòfin lé e lórí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1919, ìwé àdéhùn Saint-Germain-en-Laye ka kíkó ọtí líle olówó pọ́ọ́kú wọ Áfíríkà léèwọ̀, ó sì tún ka pípọn ọtí líle nílẹ̀ náà léèwọ̀.

Àsìkò yìí gan-an ni ṣọ̀dàbí dé. Ìtàn tí gbogbo gúúsù Benin mọ̀ ni pé ọmọ ìdílé Sodabi kan láti agbègbè Allada lọ sójú Ogun Àgbáyé Kìíní ní ilẹ̀ Faransé, ó rí bí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń pọn ọtí láti inú èso, ó sì padà wálé fi ẹmu ṣe irú rẹ̀. Wọn a da ẹmu tó ti kan sínú àgbá, wọn a dáná sí i nídìí, ooru rẹ̀ a gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, yóò sì máa kán sínú ìgò bí omi ojú. Orúkọ ìdílé náà ni ọtí náà ń jẹ́ di òní.

Ìjọba amúnisìn kà á léèwọ̀, nítorí ó ń bá ọtí tí wọ́n ń kó wọlé du ọjà, wọn kò sì rí owó ibodè gbà lórí rẹ̀. Ní ìhà Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì ṣe bákan náà sí ògógóró. Ọtí tó jáde láti ara ọ̀pẹ baba ẹni di ọtí tí wọ́n ń fi pamọ́ fún ọlọ́pàá. Ibi ìjókòó ọtí wá kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun, èyíinì ni àṣírí. Ẹni tí wọn kò mọ̀ dáadáa kì í rí ju ẹmu lásán lọ. Ẹni tí wọ́n mọ ilé bàbá rẹ̀ ni olótìí ń wọ inú ilé lọ bá gbé ìgò jáde. Bẹ́ẹ̀ ni jíjẹ́ oníbàárà gidi ṣe di ohun tó ju owó lọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni.

Irú ìjókòó yìí kò mọ sí Idigny. Ní Èkó, láàárín 1920 sí 1940, àwọn ilé ẹmu ni orin jùjú ti rú jáde, láti ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ bíi Túńdé King tí wọ́n ń ta gìtá ní ìrọ̀lẹ́ láàárín ọ̀rẹ́. Ní 1952, Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, tẹ ìwé rẹ̀ The Palm-Wine Drinkard jáde, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sì sọ ọ́ di eré orí ìtàgé lédè Yorùbá ní 1963. Ẹni tó bá ka ìwé náà dáadáa yóò rí i pé nígbà tí adẹ́mu kú, ẹmu nìkan kọ́ ni ọ̀mu náà pàdánù. Àwọn ọ̀rẹ́ tó máa ń kún ilé rẹ̀ dẹ́kun àtiwá. Ó wá gbéra, ó ń wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú.

Bíà àti buvette

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni bíà inú ìgò gbilẹ̀. Ní 1949, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọn Star ní Èkó. Ìlú Dàhòmì náà ní ilé ìpọntí tirẹ̀ nígbà tó yá, bíà rẹ̀ sì ń jẹ́ La Béninoise lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè náà di Benin ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975. Àtíbàbà ẹmu wá di buvette. Tábìlì dé, gíláàsì dé, fìríìjì àti rédíò sì tẹ̀ lé e.

Àwọn àgbà kan bẹ̀rù nígbà náà pé bíà yóò tú ìjókòó ká. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgò bíà tóbi, owó rẹ̀ sì wọ́n. Nítorí náà, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta a dáwó, wọn a pín ìgò kan sí gíláàsì. Ẹni tó rí owó òwú gbà lónìí a ra tòní, ẹni tó bá tà lọ́la a ra tọ̀la. Ẹmu kò sì kúrò nílẹ̀, ṣọ̀dàbí náà kò kúrò. Wọ́n jókòó ti bíà bí àgbà ṣe ń jókòó ti ọmọ.

Àwọn tó ń jókòó

Ta ni wọ́n? Àgbẹ̀ ni, tí ọkọ́ rẹ̀ ṣì wà léjìká. Awakọ̀ zémidjan ni, tó ti gbé èrò láti Kétu dé, tó sì mọ ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Olùkọ́ ilé ìwé ni, tó ń bá àwọn tí kò kàwé túmọ̀ ìwé tó ti ọ́fíìsì wá. Aránṣọ ni, àti kanlékanlé, àti ọmọ Ìmẹ̀kọ tó wá ra àgbàdo. Àgbà kan sì wà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò mu ju ife kan lọ láti ìrọ̀lẹ́ títí di alẹ́, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ kò ní tú bí kò bá sí níbẹ̀. Tirẹ̀ ni àga náà. Bí kò bá wá ní ọjọ́ méjì, olótìí a rán ọmọ lọ sílé rẹ̀ pé kí ó wo bí ara rẹ̀ ti rí.

Ọpọ́n ayò wà láàárín, wàrà díndín tí àwọn obìnrin Fúlàní gbé wá wà lórí àwo, nígbà mìíràn ẹran ọ̀yà náà a wà. Ẹnikẹ́ni kì í kánjú. Wọ́n ń jiyàn lórí òjò, lórí iye owó òwú, lórí orin tí ẹlẹ́fẹ̀ kọ ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti ẹni tí orin náà ń bá wí. Bí ọ̀rẹ́ méjì bá ní aáwọ̀ lórí ààlà oko, ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ kó tó di ọ̀rọ̀ baálẹ̀ tàbí ti kóòtù. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi kí wọ́n fi ọ̀bẹ bù ú. Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́.

Olótìí fúnra rẹ̀ jẹ́ ìjòyè láìní ìwé oyè. Ó mọ ẹni tí kò yẹ kí ó ta ọtí fún mọ́ lálẹ́ yìí. Ó mọ ẹni tí owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ wà nínú àpò, a sì máa lé e lọ sílé. Ìtàn yìí kò lè pé bí ẹnikẹ́ni bá fi ẹkún àwọn ìyàwó sílẹ̀, nítorí ọtí ti ba ilé jẹ́, ó ti jẹ owó oko run, ó sì ti sọ ọkùnrin rere di ẹni ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n níbi tí ojú ti pọ̀, ìtìjú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀mùtípara kì í pẹ́ ní ibi ìjókòó tó ní àgbà.

Ọtí inú ọ̀rá

Ọtí tó dé kẹ́yìn kò fẹ́ ojú ẹnikẹ́ni. Inú ọ̀rá kékeré ló wà, owó rẹ̀ kò ju owó ṣẹ́ńjì lọ. Ọ̀dọ́ a fi eyín ya á, a dà á sẹ́nu lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, a sì gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Ẹmu ń wá ẹni tí yóò bá a mu ún. Bíà ń wá ẹni tí yóò dáwó. Ṣọ̀dàbí ń wá ẹni tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ọtí inú ọ̀rá kò wá ẹnìkan. Kò ní agbọ́tí, kò ní àgbà, kò sì ní ẹni tí yóò sọ pé, "Ó tó."

Àwọn ìlú mìíràn ti rí ewu rẹ̀. Uganda fòfin dè é ní 2019. Ní Nàìjíríà, àjọ NAFDAC fi òfin dè é ní oṣù kejì ọdún 2024, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ariwo àwọn oníléeṣẹ́, wọ́n sún un sí òpin 2025. Ọtí tí wọ́n ń pọn ní kọ̀rọ̀ láìsí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò náà ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ògógóró tí èròjà olóró methanol wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àṣà pé kí ẹni tó gbé ọtí wá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kì í ṣe àṣà lásán.

Ọ̀pẹ náà ń lọ. Ọ̀pọ̀ ẹmu tí wọ́n fi ń pọn ṣọ̀dàbí ní gúúsù Benin ń wá láti ara ọ̀pẹ tí wọ́n wó lulẹ̀. Wọn a gbẹ́ ihò sí i lára, ẹmu a máa ro fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀pẹ náà a sì kú. Ọ̀pẹ tí wọ́n ń dá lórí ìró, bí adẹ́mu ayé àtijọ́ ti ń ṣe é, lè fún baba àti ọmọ ní ẹmu. Adẹ́mu tó mọ igbà lò kò sì pọ̀ mọ́.

Ohun tó wà lọ́wọ́ ìlú

Ní 1989, onímọ̀ Amẹ́ríkà kan, Ray Oldenburg, kọ̀wé pé lẹ́yìn ilé àti ibi iṣẹ́, ènìyàn nílò ibi kẹta tí yóò ti máa bá ọmọnìkejì rẹ̀ pàdé láìsí ìwé ìpè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan tó jáde ní 2011 gbà kí àwọn ará àdúgbò kọ orúkọ ilé ọtí wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní àwùjọ. Bí ẹni tó ni ín bá fẹ́ tà á, wọ́n lè béèrè àyè láti kówó jọ rà á. Ní 2016, UNESCO fi àṣà bíà ilẹ̀ Belgium sínú àkójọ ogún àṣà aráyé. Àkójọ náà ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wọ̀ ní 2008, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ kéde iyì rẹ̀ ní 2001. Ohun tí ìlú Gẹ̀ẹ́sì ń fi òfin dáàbò bò, àwọn baba Idigny fi ahá àti bẹ́ǹṣì dá a sílẹ̀.

Ohun tó kù kì í ṣe iṣẹ́ ọba nìkan. Bí commune bá fẹ́ la ọ̀nà tàbí tún ọjà ṣe, kí wọ́n wo igi tí àwọn ènìyàn ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé àáké. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí wọ́n ta ọtí fún ọmọdé. Kí gbohùngbohùn má ṣe bo ohùn àgbà mọ́lẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ibi tí ènìyàn kò ti lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ̀, ibi títa ọtí lásán ni. Kí ẹgbẹ́ àti ìdílé gbin ọ̀pẹ. Kí àwọn ọ̀dọ́ tó ní fóònù gba ohùn adẹ́mu tó ṣẹ́kù sílẹ̀, pẹ̀lú ohùn obìnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń hu ọkà fún ọtí. Kí ọ̀dọ́ tó ya ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rí àyè lórí bẹ́ǹṣì, kí wọ́n sì fi í ṣe agbọ́tí. Ibẹ̀ ni baba rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà ọdún yìí, tí àwọn ọmọ Idigny bá ti Kútọ̀nu, Àjàṣẹ́, Èkó àti òkè òkun dé, ibi tí ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ yà sí kí wọ́n tó tú ẹrù wọn ni ìjókòó yẹn. Wọn yóò bá àga kan tó ṣófo, wọn yóò sì béèrè ẹni tó ni ín. Kí Elédùmarè jẹ́ kí ẹni tí yóò dá wọn lóhùn wà níbẹ̀. Ọdún á yabo. Àṣèyí ṣàmọ́dún.